Ajíobì Ọkọ̀ Ìrọ̀rùn

Fọ́tò náà fúnra rẹ̀ dára. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ sí ìdí ọkọ̀ ojú omi, ó wé gèlè kékeré mọ́rí, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú agbọ̀n obì títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò bí ẹni pé onítọ̀hún ń dí i lọ́wọ́. Omi ọ̀sà ń dán lẹ́yìn rẹ̀. Lókè orí rẹ̀, a rí orúkọ ọkọ̀ náà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ: Ìrọ̀rùn.

Ọmọbìnrin náà ni ìyá tó bí bàbá mi. Àjọkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Fàsásì ni gbogbo Mákún ní Ṣàgámù ń pè é, nítorí Fàsásì ni orúkọ bàbá mi. Ẹni àádọ́rin ọdún ni báyìí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí wọ́n ya fọ́tò yẹn. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni mo fi ń pè é, kì í ṣe "wọ́n" bí mo ṣe ń pè é nílé. Kì í ṣe àìbọ̀wọ̀. Mi ò fẹ́ kí òun àti àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ dàpọ̀ mọ́ra lẹ́nu mi ni, mo sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà ni kò dára. Wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ẹ wo Ajíobì, olè tó lókìkí jù lọ lórí Ìrọ̀rùn! Ọwọ́ rẹ̀ rèé nínú agbọ̀n olóbì!" Lẹ́yìn èyí, àwọn ojú kéékèèké tó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ tò lọ rẹrẹẹrẹ. Mo kà wọ́n dé igba, mo dá a dúró.

Kareemat tí a jọ wà ní kíláàsì ló fi hàn mí nígbà tí a ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ó ní, "Raqeebah, ṣé ìyá bàbá yín kọ́ nìyí? Bàbá mi ní àwọn ni." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohùn rẹ̀ ló rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń kí ni kú àṣẹ̀yìndè òkú. Ìyẹn dùn mí ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Ẹgbẹ́ kan ló wà lórí Fesibúùkù tí wọ́n ń jẹ́ Àwa Ará Ìrọ̀rùn. Ọkọ̀ èrò ni Ìrọ̀rùn. Láàárín Ìkòròdú àti Èkó ló ń ná láyé ọjọ́un, kí wọ́n tó fẹ̀yìn rẹ̀ tì, tó wá ń dógùn-ún létí omi. Àwọn tó wọ̀ ọ́ rí àti àwọn tó kàn fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n ń sọ ìrántí. Ọkùnrin kan ṣì ní tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Èkó. Obìnrin kan ní tí òun bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà, òun á da ẹ̀kọ òun nù, òun á sáré. Kí n sọ òótọ́, mo gbádùn kíka díẹ̀ nínú wọn kí n tó dé orí fọ́tò Ìyá Àgbà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí orúkọ yẹn ṣe délẹ̀, nítorí orúkọ náà jẹ́ òótọ́. Ajíobì ni wọ́n ń pè é lóòótọ́.

Ìyá Ìyá Àgbà ń ṣòwò obì. Gbàǹja ló ń kó láti Mákún lọ sí Ìkòròdú nínú ọkọ̀ akẹ́rù, láti Ìkòròdú ni Ìrọ̀rùn á ti gbé e lọ sí Ẹ̀bùtẹ́-Èrò. Gbàǹja tí a fi ewé dì sínú agbọ̀n kò tíì kú. Ó ń mí. Tí ooru bá mú un pẹ́, á làágùn, ara rẹ̀ á dẹ̀, àwọn olóbì orí ọkọ̀ náà á sì ní ó ti sùn. Bí ẹnì kan kò bá tètè jí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti inú wá. Orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n sì máa ń kó ẹrù sí lórí Ìrọ̀rùn, ní ìdí ọkọ̀, nítorí àwọn èrò ló ni iwájú àti òkè níbi tí atẹ́gùn wà.

Lọ́jọ́ kan, nínú agbọ̀n mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ kó, mẹ́fà ti sùn pátápátá kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ ní Ẹ̀bùtẹ́-Èrò, ó ń sunkún lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí wọ́n tún máa lọ, Àjọkẹ́ kọ̀, kò jókòó pẹ̀lú àwọn èrò. Ó lọ kúnlẹ̀ ti agbọ̀n lórí irin gbígbóná. Ó ń ṣí ewé, ó ń ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó ń kó ti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó ń kó ti òkè lọ sísàlẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, ó ń ṣa èyí tó ti ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ kó má bàa ran àwọn yòókù. Agbọ̀n kankan kò bàjẹ́. Kí oṣù yẹn tó parí, gbogbo olóbì orí Ìrọ̀rùn ló ń bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn jí tàwọn náà. Awakọ̀ á pariwo láti òkè pé, "Ajíobì! Ṣé wọ́n ti jí?" Òun á sì dáhùn láti ìdí ọkọ̀ pé, "Wọ́n ti jí, wọ́n ní kí n kí yín!"

Ọdún méjìlá ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Àpá irin yẹn ṣì wà ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó bá ṣa sọ́tọ̀ nínú agbọ̀n oníkálukú, á kó o sínú igbá, á gbé e fún olówó rẹ̀ ní Èkó kó fojú ara rẹ̀ rí i. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ obì. Ó ní ó korò.

Iṣẹ́ yìí ni wọ́n wá sọ di olè.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, oníbàárà rẹ̀ kan láti Ìpẹru wá sí ọjà Mákún. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí ọkùnrin yìí ti ń ra gbàǹja lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú òwò yìí, tí ẹni tí o gbẹ́kẹ̀ lé bá ti di agbọ̀n rẹ̀, o kì í tú u lójú rẹ̀. O máa gbé e ni. Títú u dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé mi ò gbà ọ́ gbọ́.

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ jẹ́ ká tú eléyìí wò lónìí."

Ìyá Àgbà wò ó. Ó tú okùn náà fúnra rẹ̀, ó ṣí ewé, ó sún sẹ́yìn. Ọkùnrin náà wo obì, ojú tì í díẹ̀, ó gbé e, ó lọ. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà yíjú sí mi níbi tí mo jókòó sí nínú ìsọ̀.

"Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?"

Mi ò lè parọ́ fún un. Mo yá fóònù Àǹtí mi tó ń bá a tajà, mo fi hàn án. Ó ní kí n kà á. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Olè?" bí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. "Ta ló kọ ọ́?"

Mo ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí, olùkọ́ ní yunifásítì, ni olórí ẹgbẹ́ náà. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló ya fọ́tò náà. Ìbéèrè lásán ló kọ́kọ́ kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ta ló mọ ọmọbìnrin yìí?" Alàájì Hàrúnà, olóbì bíi tiwa níbí ní Ṣàgámù, ló dáhùn pé: "Ajíobì ni à ń pè é. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lórí Ìrọ̀rùn." Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí kò mọ nǹkan kan nípa obì. Ó wo ọwọ́ tó wà nínú agbọ̀n, ó ka "jí," ó sì rò pé ó ti yé òun. Òun ló wá kọ "olè" sí i. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Alàájì Hàrúnà rí i. Kò tún un ṣe. Òun náà fi ojú ẹ̀rín kan sí i.

Ìyá Àgbà ní, "Hàrúnà? Hàrúnà ọmọ Alàájì Ìdí-Ọ̀pẹ? Ó rẹ́rìn-ín?"

"Ó fi ojú ẹ̀rín sí i, mà."

"Ọ̀kan péré?"

"Mẹ́ta, mà."

Tí inú bá ń bí i, èdè Rẹ́mọ rẹ̀ máa ń nípọn débi pé mo ní láti fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́ síbí lọ́nà tí á fi yé gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Mú bírò. Kọ ọ́ pé: Dúrótìmí, èmi Àjọkẹ́ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Irọ́ lo pa mọ́ mi. Mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí. Hàrúnà, ìwọ mọ òtítọ́, o sì jókòó o ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ kò bá yọ ọ̀rọ̀ yẹn kí oòrùn tó wọ̀, n ó wá bá yín níbi tí ẹ wà."

Mo jókòó ti fóònù náà fún ìgbà pípẹ́. Mi ò tíì kọ "irọ́ lo pa" sí àgbàlagbà rí láyé mi. Ìka mi kò gbà. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìyá àgbà mi ni ẹni inú fọ́tò yìí. Wọ́n ní kí n bẹ̀ yín kí ẹ jọ̀wọ́ tún ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ má bínú, sà." Mo fi ránṣẹ́. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé mo ti kọ ọ́.

Ìdáhùn dé kí a tó kírun ìrọ̀lẹ́. "Háà! Ajíobì ṣì wà láyé! Màmá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Àwàdà ni, ẹ má mú un lọ́kàn. À ń ṣe àfihàn àwọn fọ́tò Ìrọ̀rùn ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Fọ́tò yín la máa gbé sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wá kí wa!" Ẹlòmíràn kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ pa obì yín mọ́ o, Ajíobì ń bọ̀!" Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní kí n ka ìdáhùn náà. Ó ní, "Ẹni tí mo bú ló ń pè mí síbi àríyá. Raqeebah, ka ohun tí o kọ fún mi."

Mo kà á.

Kò pariwo. Ìbá dára kó pariwo. Ó ní, "Ìbínú ni mo rán ọ. Ẹ̀bẹ̀ lo jẹ́. Ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n ni? 'Ẹ má bínú'! Èmi tí wọ́n pè lólè ni mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú!"

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ìkúnlẹ̀ mi kò lè pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lójú ayé. Ó ní, "Wọ́n fẹ́ gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo Rẹ́mọ ni yóò kọjá lábẹ́ 'olè' kí wọ́n tó wọlé. A ń lọ lọ́jọ́ Àìkú."

Aṣọ tó ń wọ̀ lọ sọ́jà ló wọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Bàbá mi ní kó jẹ́ kí òun bá wa lọ, ó kọ̀. Ó ní tí ọkùnrin bá bá òun lọ, wọ́n á sọ pé ọmọ òun ló wá jà fún òun.

Wọ́n ti ya fọ́tò náà tóbi tó ilẹ̀kùn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà lóòótọ́, wọ́n sì fi pupa kọ OLÈ sábẹ́ rẹ̀, ó tóbi ju àwọn ọ̀rọ̀ yòókù lọ. Àwọn ọ̀dọ́ méjì ń ya ara wọn níwájú rẹ̀. Ọ̀kan na ọwọ́ bí ẹni pé ó ń ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, èkejì dì í mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà dúró lẹ́yìn wọn títí wọ́n fi yà á tán. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n kí i, wọ́n yà fún un kó kọjá.

Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí mọ̀ ọ́n nígbà tí mo sọ orúkọ wa. Ènìyàn gíga ni, ó lójú àánú, ó sì dọ̀bálẹ̀ dáadáa. "Màmá! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀yin ara, ẹ wò ó, Ajíobì fúnra wọn ti dé!" Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. "Màmá, ẹ jẹ́ ká yà yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò yín."

Ìyá Àgbà ní, "Kí ni mò ń ṣe nínú fọ́tò yẹn?"

"Háà, Màmá. Àwàdà la ń fi ṣe."

"Mo ní kí ni mò ń ṣe?"

"Ẹ... ẹ ń mú obì, mà."

"Mò ń mú un lọ síbo?"

Ó yíjú wo fọ́tò náà. Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò wò wọ́n. Alàájì Hàrúnà jókòó sí iwájú pátápátá, ó dé fìlà funfun. Ìyá Àgbà lọ bá a.

"Hàrúnà, àsàláámù àláékúmù."

"Wà àláékúmù sàláámù! Àjọkẹ́, ìwọ náà rèé! O ò darúgbó, wàláhì. Ọdún mélòó..."

"Agbọ̀n ta ni ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀ yẹn? Wo aṣọ àmì tí wọ́n so mọ́ etí rẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Alàájì. Ó yí ọrùn wo ẹ̀dà fọ́tò náà tó wà lára ògiri. Ó ní, "Agbọ̀n bàbá mi ni."

"Ta ló ní kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Bàbá mi ni."

"Sọ ọ́ sókè, etí àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Kí ni bàbá rẹ ní kí n fi obì òun ṣe?"

"Ó ní... ó ní kí o jí i."

Ẹ̀rín bú jáde nínú gbọ̀ngàn náà bí ìgbà tí òjò bá bẹ́ lu páànù. Ọkùnrin kan ń lu itan. "Bàbá ní kó jí obì òun! Olówó obì fúnra rẹ̀!" Ojú Ìyá Àgbà kò kúrò lára Alàájì Hàrúnà. Ó kàn ń dúró dè é.

Alàájì dìde. Ó ní, "Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ jàre! Kì í ṣe jíjí tí olè ń jí nǹkan ni mò ń wí. Jíjí tí à ń jí ọmọ tó bá sùn ni! Ooru ló máa ń mú obì sùn. Òun ló fi ọdún méjìlá bá wa jí wọn. Bí kì í bá ṣe òun ni, bàbá mi ì bá ti jáwọ́ nínú òwò obì lọ́dún yẹn." Ó jókòó. "Kò jí obì wa rí. Ẹyọ kan báyìí."

Ọkùnrin tó ń lu itan kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí itan.

Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Màmá, mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká yọ fọ́tò náà kúrò kíá."

"Kí o yọ ọ́? Kí wọ́n lè sọ pé ojú ló tì mí? Fọ́tò mi ni. Ọ̀rọ̀ rẹ ni kí o yọ. Èyí tó wà níbí, àti èyí tó wà nínú fóònù."

Wọ́n ya OLÈ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí mú fóònù rẹ̀, ó kọ nǹkan sí ojú ìwé ẹgbẹ́ náà, ó gbé e fún mi kí n kà á fún Ìyá Àgbà kó tó fi ránṣẹ́. Ohun tó kọ ni pé: "Màmá Àjọkẹ́ ní àwọn kì í ṣe olè."

Mo kà á sínú. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má kọ 'ní' síbẹ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Tí ẹ bá kọ 'Màmá ní,' àwọn nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Olè pàápàá á ní òun kọ́."

Ìyá Àgbà ní, "O gbọ́ ọ? Èmi kọ́ ni mo ní. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Pa á rẹ́."

Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé Àjọkẹ́ kì í ṣe olè, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jí obì tí ooru bá mú sùn, àti pé àṣìṣe ni ohun tí a kọ tẹ́lẹ̀. Mo kà á sókè. Nígbà tí mo dé "àṣìṣe," Ìyá Àgbà dá mi dúró.

"Àṣìṣe ni tìẹ. Ìwọ kò mọ̀. Hàrúnà mọ̀. Tirẹ̀ ńkọ́?"

Alàájì Hàrúnà ní, "Àjọkẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Mi ò pe ìwọ lólè. Mo kàn dákẹ́ ni."

"O ò dákẹ́. Ojú ẹ̀rín mẹ́ta lo fi sí i. Ọmọ mi kà wọ́n."

Alàájì ṣí fìlà, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ sí i, nítorí òun kò mú awò ojú òun wá. Ó ń sọ, mò ń kọ. "Èmi Hàrúnà mọ òtítọ́. Mo jẹ́ kí irọ́ náà máa lọ, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín sí i." Mo kọ "irọ́" bí ó ṣe sọ ọ́. Mi ò yí i padà. Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí fi í ránṣẹ́ lójú wa.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà yíjú sí wọn.

"Kí lẹ ń pàtẹ́wọ́ sí? Ṣé ẹ ta mí lọ́rẹ ni? Orúkọ mi tí ẹ kó lọ lẹ dá padà, kò tíì pé."

Àtẹ́wọ́ náà dá. Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí tún sún mọ́ wa, ó gbé àga kan wá fúnra rẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín. Nínú gbogbo àwa tó wà níbí, kò sẹ́ni tó lo ọdún méjìlá lórí ọkọ̀ yẹn bí kò ṣe ẹ̀yin. Ẹ jókòó. Ẹ sọ díẹ̀ fún wa nípa Ìrọ̀rùn."

Gbogbo wọn ló ti gbé fóònù sókè láti gba ohùn rẹ̀. Ìyá Àgbà wo àga náà, ó wo àwọn fọ́tò tó wà lára ògiri yíká, ojú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lórí wọn. Mo rò pé á jókòó. Ó tún gèlè rẹ̀ so.

Ó ní, "Ẹ bi Hàrúnà. Òun ló ráyè rẹ́rìn-ín."

A jáde.